Igba gbànja ni wọ́n ní, igbá ni ẹ̀rọ mi gbọ́

Ṣágámù ni mo wà nígbà tí mo ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ oníbàárà fún àwọn ìyá olóbì, tó ń yọ iye àti irú obì jáde, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ sórí fóònù wọn. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é nílé kí n tó gbé e dé ìsọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oníbàárà kan kọ̀wé: “Mama e ba mi ka igba gbanja sile.” Ẹ̀rọ mi fèsì: “Igbá mélòó?” Ìyá wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, igba ẹyọ ni wọ́n ní kí n kà. Ta ló ń fi igbá ta gbànja?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Yorùbá olámì ni mo fi kọ́ ẹ̀rọ yẹn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fi àmì sí àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́jà. Igba, igbá, ìgbà, ìgbá: tí àmì bá ti kúrò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn tó ń fi àmì sí i gan-an ní wàhálà tiwọn. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, “ọ́” kì í ṣe ẹyọ kan. Lẹ́tà àti àmì la so pọ̀, ọ̀nà tí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé fóònù kan fi ń so ó sì lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ojú á rí ọ̀rọ̀ kan náà, kọ̀ǹpútà á ní méjì ni. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká: bí kò bá sí iye mìíràn níbẹ̀, 200 ni “igba” yẹn. Tí kò bá dájú, kí ẹ̀rọ béèrè.

Ní ti títà, mo kọ́kọ́ ń pariwo pé ẹ̀rọ mi gbọ́ èdè. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. ELIZA, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá ènìyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀ tí Weizenbaum ṣe ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tó gbé jáde ní 1966, kò lóye nǹkan kan, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń tú àṣírí fún un. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ lóye á béèrè ohun tí kò lè ṣe, á sì bínú. Ohun tí mo ń sọ báyìí ni pé, “Màmá, á máa bá yín kọ ohun tí wọ́n béèrè sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà nídìí ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ sókè Ọya.” Mo á fi í sílẹ̀ fún wọn lọ́sẹ̀ kan, lórí ọjà tiwọn, kí n tó dárúkọ owó.

Ìyá ọjọ́ yẹn ló mú oníbàárà mi kejì wá. Gbólóhùn kan ni wọ́n fi polówó mi fún un: “Bí kò bá yé e, á bi ẹ́.”