Kí ẹ tó sọ fún ọmọ pé ó yá tàbí kò yá

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìdíje kẹ̀kẹ́, ìbéèrè kan wà tẹ́ ẹ máa gbọ́ títí. Òbí á gbé fóònù wá bá yín lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ ṣe time trial àkọ́kọ́, ìyẹn eré kẹ̀kẹ́ tí oníkálukú ń dá sá, tí wọ́n ń fi aago díwọ̀n, á ní: "Kóòṣì, ìṣẹ́jú 30 ló lò. Ṣé ó dáa?" Ẹ má tíì dáhùn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu yín jáde nírọ̀lẹ́ yẹn lọmọ máa rò sùn, ó sì lè jẹ́ òun ló máa pinnu bóyá á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máìlì 10, ìyẹn kìlómítà 16.1, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń jura wọn gbéra. Ẹnì kan á di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn, ọmọ á ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé pẹ́dà, ẹni tó ń ka aago á ka márùn-ún wálẹ̀ dé ọ̀kan, ó di ọ̀nà. Òfin ò gbà kó sá pa mọ́ sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nítorí afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà yìí sì jẹ́ àlọ-àbọ̀: wọ́n á lọ dé ráúńdábáòtù kan, wọ́n á yí i po, wọ́n á padà. Torí pé kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́, àwọn èèyàn gbà pé nọ́ńbà tó wà lórí ìwé èsì ni ìwọ̀n ọmọ náà. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n á ní bó bá dá ọmọ dúró lálọ, á tì í lábọ̀, gbèsè ti tán. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó ń sá kìlómítà 32 ní wákàtí kan lọ́jọ́ tí ewé ò mì á lo 30:11. Ká ní lọ́jọ́ afẹ́fẹ́ ó fi 26 lọ, ó fi 38 bọ̀. Ìdajì àpapọ̀ méjèèjì, 32 náà ni. Ṣùgbọ́n àlọ gbà á ní 18:35, àbọ̀ gbà á ní 12:43, ó di 31:18. Ó lé ní ìṣẹ́jú kan tó ti bá afẹ́fẹ́ lọ, torí pé ọmọ pẹ́ nínú èyí tó ń dí i lọ́nà ju èyí tó ń tì í lọ. Ooru náà ń kó tirẹ̀ wá, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ó sì rọrùn láti là kọjá. Lójú títì ńlá, àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá fìrìfìrì ń fa afẹ́fẹ́ lọ, èèyàn á sì rí i pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yá sí i. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́jú 28 lójú ọ̀nà kan fi lè má dáa tó ìṣẹ́jú 30 lójú ọ̀nà mìíràn.

Ẹ wo Remco Evenepoel, eléré kẹ̀kẹ́ ọmọ Belgium. Ní 2023, ní Stirling ní Scotland, ó gba wúrà time trial àgbáyé: kìlómítà 47.8 ní 55:19, ìyẹn bíi kìlómítà 52 ní wákàtí kan. Filippo Ganna tó ṣe ìkejì fi ìṣẹ́jú-àáyá 12 péré wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2025, ìdíje náà wá sí Kigali ní Rwanda, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Evenepoel tún gbà á, kìlómítà 40.6 ní 49:46, kò pé 49 ní wákàtí. Ẹni tó bá ń wo aago nìkan á ní eré rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Àmọ́ ìlú olókè ni Kigali. Jay Vine tó ṣe ìkejì fi ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 14 wà lẹ́yìn rẹ̀, Evenepoel sì lé Tadej Pogačar, ìlúmọ̀ọ́ká eléré kẹ̀kẹ́ tó ti gbéra ṣáájú rẹ̀, bá lójú ọ̀nà. Ọdún tí eré rẹ̀ kéré jù lórí ìwé ló fi ẹnikejì sílẹ̀ jìnnà jù. Ẹni tó bá a sá ojú ọ̀nà kan náà lọ́jọ́ kan náà nìkan ló ṣeé fi díwọ̀n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lọmọ yín.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gidi wá kù: báwo lọmọ ṣe pín agbára rẹ̀? Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ò tíì dun ẹnikẹ́ni, ọkàn ò tíì lù dé ibi tó ń lọ, ọmọ á rò pé bó ṣe máa rí títí dópin nìyẹn. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fọ́mọ ọdún 13 tí ìyá rẹ̀ ń pariwo orúkọ rẹ̀ létí títì?

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Mo máa ń ní kí ẹnì kan dúró pẹ̀lú aago níbi tí wọ́n ti ń yí po. Mo á wá wá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ tó gbéra nítòsí ọmọ náà, tí mo mọ̀ pé kì í sá sódì. Ká ní àgbà yìí lo 13:00 lálọ sínú afẹ́fẹ́, ó lo 11:00 lábọ̀. Ọmọ lo 15:20 lálọ, 14:40 lábọ̀. Ìwé èsì á kọ 30:00, á dákẹ́. Ẹ wò ó dáadáa. Lálọ, àgbà fi 2:20 yá jù ú. Lábọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń ti àwọn méjèèjì, tó yẹ kí àlàfo yẹn dín, ńṣe ló fẹ̀ di 3:40. Agbára ọmọ ti tán kó tó dé ibi ìyípo. Ká ló pa ìwọ̀n àgbà yẹn mọ́ ni, bíi 13:00 ni ì bá fi padà wá. Lóòótọ́, bó bá rọra lọ, àlọ rẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọmọ tó lè ṣe 29 tàbí kó dín ló fi 30 délé yẹn. Ọmọ mìíràn á ṣe 30 kan náà, àlàfo tirẹ̀ á dín gidigidi lábọ̀, á sì máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á. Àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ gba ìmọ̀ràn kan náà lọ́wọ́ yín.

Ẹ bi ọmọ léèrè kó tó rí aago: "Ibo ló ti kọ́kọ́ nira fún ẹ?" Ọmọbìnrin kan dá mi lóhùn kíákíá, "Kóòṣì, ibi ilé epo yẹn ni." Ilé epo yẹn ò tó máìlì kan síbi tí wọ́n ti ń gbéra. Mi ò nílò ẹ̀rọ kankan mọ́ láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ ṣọ́ra. Ọmọ ọdún 13 méjì lè jókòó pọ̀, kí ara ọ̀kan ti gbó bíi ti ọdún 16, kí èkejì ṣì wà lọ́mọdé. Ẹ má fi wọ́n wéra. Ẹni tó pẹ́ bẹ̀rẹ̀ náà sì lè yára bá wọn: ọdún 2017 ni Evenepoel pa bọ́ọ̀lù tì fún kẹ̀kẹ́, nígbà tó fi máa di 2018 ó ti gba wúrà àgbáyé àwọn ọ̀dọ́.

Ní ti irinṣẹ́, ó ń ṣe nǹkan, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ní 1989, nínú Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ púpọ̀ ti ilẹ̀ Faransé, Laurent Fignon fi ìṣẹ́jú-àáyá 50 ṣáájú Greg LeMond kí wọ́n tó sá kìlómítà 24.5 tó kẹ́yìn láti Versailles wọ Paris. LeMond gbé apá lé irú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí àwọn eléré triathlon (ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ àti eré sísá) ń lò kí afẹ́fẹ́ má baà dá ara dúró púpọ̀, Fignon ò lò ó, LeMond sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 8 gba ìdíje náà. Síbẹ̀, mi ò ní gbà kí òbí ra táyà olówó gọbọi fọ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tó fún mọ́ra, ìgbọ̀nwọ́ tó tẹ̀, orí tó wálẹ̀, owó kékeré ni.

Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ fọ́mọ fún ìgbà kejì: kó ṣì lè sọ gbólóhùn kan já gaara títí dé ilé epo. Mo á kọ àlàfo rẹ̀ sí àgbà yẹn sínú ìwé mi, àlọ lọ́tọ̀, àbọ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Bó bá sá 31 lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí àlàfo àbọ̀ sì ti kéré ju ti àlọ, mo á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo á fi ìwé náà hàn án.