Bọ́ọ̀sì tó kú lórí òkè Bolivia, àti ilá tí a jẹ ní Salvador

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi mí pé báwo ni ìrìnàjò wa yíká ayé ṣe rí, ẹ kú ojú lọ́nà. Èmi, Bàbá Ìbejì, Táyé, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú la jọ lọ. A gbéra ní London, a gba Istanbul dé Tokyo, a fo òkun Pàsífíìkì dé Los Angeles, a sọ̀ sí Lima, a gun òkè Bolivia, a sì fi Salvador ní Brazil kádìí rẹ̀. Istanbul dùn, àmọ́ èrò ti pọ̀ jù. Ní Tokyo, ìrọ̀lẹ́ la wọ bàálù, òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà la sì balẹ̀ sí Los Angeles. Kẹ́hìndé béèrè bóyá a máa tún oúnjẹ àárọ̀ jẹ. A tún un jẹ.

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni bàbá wọn ń lò, ti Ìlú Ọba ni èmi àti àwọn ọmọ. Ibi tí àwa ń rìn wọlé wẹ́rẹ́, físà lórí físà ni tirẹ̀: ìwé báńkì, lẹ́tà ibi iṣẹ́, fọ́tò, ìka títẹ̀. Ó dùn mí. Àgbàlagbà tó ń san owó orí rẹ̀ déédéé, wọ́n á ní kó wá ṣàlàyé ìdí tó fi fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ rìnrìn àjò. Bí irú ìwé yẹn bá wà nínú ilé yín, ẹ gba físà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan.

Wàyí o, Bolivia. La Paz ga tó nǹkan bíi 3,600 mítà ju òkun lọ, El Alto tí pápákọ̀ òfurufú wà sì ga ju 4,000 lọ. Èémí á kúrú, orí á máa fọ́. Ẹ má sáré, ẹ má gbé ẹrù wúwo, ẹ mu tíì ewé kókà tí wọ́n ń fún àlejò. A sinmi títí òkè náà fi mọ́ àwọn ọmọ lára, a sì wọ ọkọ̀ orí wáyà tí àwọn ará ìlú ń wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀ láàárín La Paz àti El Alto. Ó mọ́, kò wọ́n, kò dá èèyàn dúró. Irú rẹ̀ yẹ ìlú olókè bí Ìbàdàn gan-an.

Uyuni là ń lọ, pápá iyọ̀ tó tóbi jù lágbàáyé, tó fẹ̀ ju 10,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní àwọn ní bọ́ọ̀sì alẹ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn àlejò: ìjókòó tó ṣeé dùbúlẹ̀ sí, hítà, oúnjẹ alẹ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì. Owó rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ará ìlú ń san lọ. Nítorí ọmọ, a san án.

Oúnjẹ alẹ́ náà, ìrẹsì tútù àti ege adìẹ tí kò tó ẹnu ọmọdé. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kò kárí wa. Ọmọkùnrin tó ń pín in ní ó ti tán. Hítà kò tiẹ̀ gbóná rárá. A kọjá ìlú Oruro tán, ẹ́ńjìnnì dún gbàà, bọ́ọ̀sì wọ́ díẹ̀, ó kú. September ni, òru òkè yẹn ṣì máa ń tutù débi tí omi ń dì. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ́ńjìnnì, ó padà wọlé, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Irin ni ọkọ̀, ó lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbowó lọ́wọ́ èèyàn kò ha lè la ẹnu pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé"? A pe nọ́ńbà tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ìdòwú ní orí ń fọ́ òun, ó bì. Mo gbé e sáyà, mo fi ìró mi wé e.

"Ìyá Ìbejì, ṣe sùúrù," Bàbá Ìbejì ń wí.

Mo ní sùúrù kọ́ ló ń mú ara ọmọ gbóná.

Bọ́ọ̀sì àwọn ará ìlú, olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ní kí á má wọ̀, ló gbà wá. Ẹ̀yìn wa ló ti ń bọ̀, awakọ̀ rẹ̀ sì dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nawọ́ sí i. Hítà tiwọn ń ṣiṣẹ́! Àwọn ìyá tó wọ yẹ̀rì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti fìlà dúdú ṣún fún wa. Ọ̀kan nínú wọn bu tíì gbígbóná nínú fláàsì rẹ̀ fún Ìdòwú, ó sì tú aṣọ aláràbarà tó fi di ẹrù rẹ̀, ó fi bo àwọn ìbejì. Aymara ló ń sọ, a ò gbọ́ ọ̀kan. Mo na owó sí i, ó tì í padà. Ilé iṣẹ́ tó gba owó ńlá lọ́wọ́ wa kò dá nǹkan kan padà títí di òní. Ìdáhùn wọn ni pé àwọn á bá wa dín owó kù nígbà mìíràn tí a bá wọ ọkọ̀ àwọn. Mi ò wọ̀ ọ́ mọ́ láyé mi.

Uyuni rẹwà, funfun balau dé ibi tí ojú rí i mọ. Àmọ́ àwòrán tí gbogbo ayé ń pín kiri, èyí tí ojú ọ̀run ń hàn nínú omi, àsìkò òjò ni wọ́n ti ń yà á, láàárín December sí March. Àwọn tó ta ìrìnàjò fún wa lẹ àwòrán yẹn mọ́ ògiri wọn ní September, wọn ò sì sọ nǹkan kan. Ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Inú bíbí yẹn ni mo gbé dé Salvador. Ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, kí n tó yíjú, ọkùnrin kan ti so rìbọ́nù Bonfim mọ́ ọwọ́ Táyé. Ó ní ẹ̀bùn ni. Kò pẹ́, ó nawọ́ gbowó. Mo tú u lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rìbọ́nù, ẹ lọ rà á fúnra yín níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, owó kékeré ni.

Ilé tí a wọ̀ sí ni ara mi ti wálẹ̀. Ìyá onílé wo àwọn ọmọ, ó béèrè bóyá ìbejì ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí ní orúkọ àbúrò wọn. Bí mo ṣe pe Ìdòwú, ó pàtẹ́wọ́, ó ké sí gbogbo ará ilé. Ní Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà, 27 September ni ọdún Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà tí àwọn ọmọ ìran wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ so pọ̀ mọ́ Ìbejì. Ọmọ méje ni wọ́n ń dárúkọ, Dou àti Alabá sì wà lára wọn. Ìdòwú àti Àlàbá, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú àwọn èèyàn yẹn rí! Omi bọ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ ọdún, wọ́n se caruru. Wọ́n rẹ́ ilá wẹ́wẹ́, ilá tó pọ̀ yanturu, wọ́n fi epo pupa sè é pẹ̀lú edé gbígbẹ, ẹ̀pà àti kajú lílọ̀, àlùbọ́sà àti atalẹ̀. Ẹ̀wà wà níbẹ̀, dòdò, adìẹ olépo, àkàrà, gúgúrú, ìrèké. Ọmọ méje ló kọ́kọ́ jẹun, ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí yí ọpọ́n kan ká, ọwọ́ ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tiwa wà nínú wọn. Táyé tí kì í fi ẹnu kan ilá nílé ń lá ìka! Mo fẹ́ fún ìyá onílé lówó, ó ní oúnjẹ àwọn ọmọ ni, wọn kì í tà á.

Wọ́n a tún máa fi odindi ilá díẹ̀ sínú ìkòkò. Ẹni tí ó bá bọ́ sínú àwo rẹ̀, òun ló máa se caruru lọ́dún tó ń bọ̀. Àwo Bàbá Ìbejì ló bọ́ sí. Ilé hó yèè, ọkùnrin tó ti ń rojọ́ físà káàkiri ayé sì dìde, ó ń jó.

Nítorí náà, 27 September tó ń bọ̀, ilé wa ní Peckham, ní London, ni. Ilá àti epo kò ṣòro rí ní Rye Lane. Edé gbígbẹ tí kò ní iyanrìn ni mo ń wá. Ẹni tó bá mọ ọlọ́jà tó ń ta èyí tó dáa, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí mi. Ẹni tó bá sì ní ọmọ kékeré ní àdúgbò wa, kó tètè sọ fún mi, nítorí ó ṣì ku mẹ́rin kí ọmọ méje tó pé.