Imú Ajá àti DNA Alátùnwí

N kì í wo ajá bull terrier kí n má rẹ́rìn-ín. Imú gùn, ó tún tẹ̀ wálẹ̀! Ẹ wá wo fọ́tò irú ajá yìí láyé àtijọ́: orí rẹ̀ ò rí báyìí rárá.

Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Fondon àti Harold Garner ní Texas tọ́ka sí jíìnì Runx2, ìyẹn apá kan nínú DNA (ìlànà àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tó ń darí bí egungun ṣe ń dàgbà. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí DNA ti ń tún ara rẹ̀ wí, tó ń to glutamine lọ rẹrẹ, lẹ́yìn náà alanine (méjèèjì jẹ́ ẹyọ tí a fi ń to purotéènì). Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń da ibẹ̀ kọ, ó máa ń ṣe bí ọmọ iléèwé tó ń da orin alátùnwí kọ: á fi ẹyọ kan kún un tàbí kó fo òmíràn. Àṣìṣe yìí máa ń tètè ṣẹlẹ̀ ju kí lẹ́tà DNA kan ṣoṣo yí padà lọ.

Wọ́n rí i pé bí iye glutamine ṣe rí sí ti alanine ń bá gígùn imú ajá rìn. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan ò tíì sọ pé òun ló fà á. Ti Great Pyrenees ló tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù: ajá tó máa ń ní ìka àlékún lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn ni, apá alátùnwí inú jíìnì Alx4 rẹ̀ sì ti gé kúrú.