Òórùn oko róòsì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko róòsì dé ni, ẹ̀gún ṣì wà nínú ìka mi. Güneykent ni mo wà, ìlú àgbẹ̀ kékeré kan ní agbègbè Isparta, lórílẹ̀-èdè Tọ́kì. Ibí yìí pa rọ́rọ́.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí a fi wọ oko. Wọn kì í jẹ́ kí oòrùn mú kí wọ́n tó já òdòdó, torí ooru máa ń lé epo inú rẹ̀ lọ. Màmá kan fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n fi ìka mú un nísàlẹ̀, wọ́n ṣẹ́ ẹ, pẹ́ẹ́! N ò gbọ́ èdè wọn, wọn ò gbọ́ tèmi, síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kó òdòdó tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ sí mi lọ́wọ́.

Òórùn yẹn! Kò jọ ti lọ́fínńdà inú ìgò rárá. Ó tutù, ó ń ta sánsán bí ewé efinrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ra. Ó wọ aṣọ mi, ó wọ irun mi.

Ẹ wá gbọ́ o, nǹkan bí 4,000 kílò òdòdó ni wọ́n ń sè kí wọ́n tó rí kílò 1 epo róòsì. Ọwọ́ làwọn ìyá wọ̀nyí fi ń já gbogbo rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló ti dé irú oko báyìí rí? Oko wo ni òórùn rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn yín?