Ping ń lọ, àmọ́ wọn ò mọ ara wọn

Ọjọ́bọ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá.

Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí n padà lọ ṣe ìdánwò CCNA, ìdánwò tí ilé iṣẹ́ Cisco ń ṣe fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà. Mo ní kí n padà lọ, torí pé mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, n kò sì yege. Ìwé èsì ọjọ́ náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Ẹ̀ka mẹ́fà ni wọ́n pín ìdánwò náà sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní IP Connectivity, ìyẹn bí ìsọfúnni ṣe ń rí ọ̀nà láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan dé òmíràn, tó kó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ni mo ti gba máàkì tó kéré jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé mo mọ̀ jù. Ó dùn mí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mo ti ka apá yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo lè ka administrative distance láìwo ìwé, ìyẹn nọ́ńbà tí ráútà (ẹ̀rọ tó ń darí ìsọfúnni láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn) fi ń mọ ọ̀nà tó máa gbà gbọ́ jù, èyí tó bá kéré jù ló ń borí: 0 fún ohun tó so mọ́ ráútà tààrà, 1 fún static (ọ̀nà tí èèyàn fọwọ́ kọ), 90 fún EIGRP, 110 fún OSPF, 120 fún RIP, ìlànà mẹ́ta tí àwọn ráútà fi ń sọ ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ fún ara wọn. Kò sí èyí tí mo ṣì nínú wọn nígbà yẹn, kò sì sí èyí tí mo máa ṣì lónìí.

Alẹ́ yìí ni mo tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn, kó má baà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo jí, bí mo ṣe máa ń ṣe láti nǹkan bí oṣù méjì báyìí. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo máa ń ṣe subnet (ìpín kékeré inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì) mẹ́wàá lórí bébà. Pẹ́ńsùlù nìkan, kò sí ẹ̀rọ ìṣirò, torí pé wọn ò ní jẹ́ kí n mú un wọ yàrá ìdánwò. Èyí àkọ́kọ́ tòní ni 172.16.45.130/26. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ṣe ni mo máa ń kọ gbogbo bíìtì 32 sílẹ̀ ní oókan àti òdo, kí n wá máa fi ìka tọ̀ wọ́n lọ. Ní báyìí, apá tó kẹ́yìn nìkan ni ojú mi ń lọ. Mask rẹ̀ (nọ́ńbà tí /26 dúró fún, tó ń fi ààlà subnet hàn) parí sí 192. Tí a bá yọ 192 kúrò nínú 256, ó ku 64. Ìyẹn ni pé 0, 64, 128 àti 192 ni àwọn subnet ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 128 ni 130 wà. 128 ni àdírẹ́sì subnet náà fúnra rẹ̀, 191 ni broadcast (àdírẹ́sì tó ń pe gbogbo ẹ̀rọ inú subnet náà), láti 129 dé 190 sì ni ẹ̀rọ lè lò: àdírẹ́sì 62. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ìdájí yìí gan-an. Ọkàn mi máa ń balẹ̀ nídìí rẹ̀. Àwọn kan ń sọ fún mi pé kò yẹ kí n máa fi ọwọ́ ṣe é mọ́, pé kọ̀ǹpútà á ṣe é. Kọ̀ǹpútà á ṣe é lóòótọ́, àmọ́ mask kì í ṣe ìṣirò lásán. Òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí ilé tirẹ̀ parí sí. Bí ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ bá wà nínú ilé, á fi ARP pariwo pé ta ló ni àdírẹ́sì yìí, kí onítọ̀hún dáhùn. Bí ẹni náà bá wà níta, á gbé pákẹ́ẹ̀tì náà (ìdì ìsọfúnni kékeré) fún gateway, ráútà tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé, kó bá a gbé e lọ. Ìpinnu kan ṣoṣo yìí ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sọ ohunkóhun, mask ló sì fi ń ṣe é. Mo mọ èyí láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo mọ̀ ọ́n lórí bébà.

Lọ́sàn-án, mo fi ìdajì wákàtí ka spanning tree, ìlànà tí kì í jẹ́ kí ìsọfúnni máa yí ká láàárín àwọn suwíìṣì (ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan). Mo máa ń rántí pé Radia Perlman ló ṣe é, ní ọdún 1985, nígbà tó wà ní Digital Equipment Corporation. Inú mi máa ń dùn tí mo bá mọ ẹni tó jókòó ro nǹkan kan, torí pé n óò lè bi ara mi pé kí ni ìṣòro tó wà níwájú rẹ̀. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé férémù Ethernet (ìdì tí ìsọfúnni ń wọ̀ lórí wáyà) kò ní TTL. Pákẹ́ẹ̀tì IP ní òǹkà kan tí ráútà kọ̀ọ̀kan ń dín kù, tó bá di òdo, wọ́n á jù ú nù. Férémù kò ní irú rẹ̀. Bí wáyà bá so suwíìṣì mẹ́ta pọ̀ yíká, tí férémù broadcast kan wọ àárín wọn, á máa yí ká láìdúró, á máa bí sí i, títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dá kú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní láti ti ọ̀nà kan pa. Nígbà tí mo ti mọ ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, ọ̀rọ̀ root bridge (suwíìṣì tí wọ́n yàn ṣe olórí) àti priority 32768 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yàn án) kò ṣòroó rántí mọ́.

Ọ̀sán yìí kan náà ni ẹnì kan tí a jọ ń kàwé fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ìbéèrè ìdánwò gidi ni wọ́n kó síbẹ̀, pẹ̀lú ìdáhùn, pé kí n há a sórí, ọ̀sẹ̀ kan á ti tó. Èèyàn dáadáa ni, ó mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ dùn mí, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì ṣí i. Kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn rí ìbéèrè kìíní nínú ìdánwò yẹn, èèyàn gbọ́dọ̀ gbà pé òun ò ní tú ohun tó wà níbẹ̀ síta. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. Bí mo bá fi fáìlì yẹn yege, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi iṣẹ́ kan á kú, tí gbogbo èèyàn á wá dúró sẹ́yìn àga mi, tí n kò sì ní mọ ibi tí mo máa kọ́kọ́ wò. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn bà mí ju ẹ̀rù ìdánwò lọ.

Bí ilẹ̀ ṣe ṣú ni mo bẹ̀rẹ̀ làábù. Ráútà mẹ́ta ni mo tò sínú kọ̀ǹpútà mi: R1, R2, R3, wáyà Ethernet láàárín wọn. Mo fi 10.0.12.0/30 sáàárín R1 àti R2, 10.0.23.0/30 sáàárín R2 àti R3. OSPF, area (agbègbè OSPF) 0 níbi gbogbo. Mo ti ṣe irú rẹ̀ tó ìgbà ogún. Mo tẹ show ip ospf neighbor lórí R2, kó fi àwọn aládùúgbò rẹ̀ hàn mí. R3 yọ, ó ti FULL, ìyẹn ni pé wọ́n ti mọ ara wọn pátápátá. R1 kò sí níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo dúró lórí R1, mo fi ping (àṣẹ tó ń wò bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn) pe R2. Àmì tóótó kan, lẹ́yìn náà àmì ìyanu mẹ́rin, ìyẹn ìdáhùn mẹ́rin. Tóótó yẹn ni ìgbà tí ARP ṣì ń wá ẹni tó ni àdírẹ́sì. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, márààrún wọlé. Mo wí lọ́kàn ara mi pé àdírẹ́sì kò ní ìṣòro nìyẹn, mo sì ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Láti ibẹ̀ lọ, n kò tún bojú wo àdírẹ́sì mọ́.

Mo wo area, ó bára mu. Hello, ìkíni tí àwọn ráútà OSPF ń fi ránṣẹ́ síra wọn, jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10, dead (àkókò tí wọ́n fi ń dúró kí wọ́n tó gbà pé ẹnìkejì ti lọ) jẹ́ 40, lápá méjèèjì. Router ID kò jọra, bó ṣe yẹ. MTU (ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù) jẹ́ 1500 síhìn-ín àti sọ́hùn-ún. Wildcard mi (mask tí a dojú rẹ̀ kọdí, tí OSPF ń lò) jẹ́ 0.0.0.3, bó ṣe yẹ. Mo pa OSPF rẹ́ lórí R1, mo tún un kọ. Mo pa á rẹ́ lórí R2, mo tún un kọ. Mo tan ráútà méjèèjì lọ́tun. Nígbà tí mo máa fi gbójú wo aago, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ti lọ. Gbogbo ìdánwò náà pátá jẹ́ 120 ìṣẹ́jú, èèyàn ò sì lè padà sórí ìbéèrè tó ti kọjá. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti wà nídìí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tipẹ́tipẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú. R1 àti R2 ò mọ ara wọn. Ping ń lọ o, àmọ́ OSPF kọ̀."

"Kí ni ping ń bi ráútà?"

"Ó ń bi í pé, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Hello ńkọ́, kí ló ń bi í?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá ló ń jáde. Mo mọ̀ pé 224.0.0.5 ló ń lọ, àdírẹ́sì tí gbogbo ráútà OSPF ń gbọ́. Ohun tó ń béèrè, n kò tíì ronú kàn án rí.

"Lọ ka ohun tó wà nínú Hello kan, àbúrò. Má ṣàtúnṣe ohunkóhun kó o tó kà á tán."

Mo tan debug ip ospf hello, àṣẹ tó ń fi ohun tó wà nínú Hello hàn, lórí R1, mo gbé ọwọ́ mi kúrò lórí bọ́tìnnì, mo ń wò ó. Kò pẹ́ tí ìlà náà fi yọ: Mismatched hello parameters from 10.0.12.2. Lábẹ́ rẹ̀: Dead R 40 C 40, Hello R 10 C 10, Mask R 255.255.255.0 C 255.255.255.252. R ni ohun tí ráútà náà gbà láti ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, C ni ohun tí èmi kọ fún un. Mo ti tẹ 255.255.255.0 sórí R2. Ìka mi ló mọ́ ọn lára, ojú mi ò sì rí i. Ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò mi: èmi tí mò ń ṣe mask mẹ́wàá ní gbogbo ìdájí.

Mo mú bébà, mo yà á, torí pé mo fẹ́ mọ ìdí tí ping fi lọ. R1 gbà pé àdírẹ́sì mẹ́rin péré ló wà nínú ilé òun, .2 sì wà nínú wọn. R2 gbà pé àdírẹ́sì 256 ló wà nínú ilé tirẹ̀, .1 sì wà nínú wọn. Lójú oníkálukú, ará ilé ni ẹnìkejì. Ping ò sì bi wọ́n bóyá ilé kan náà ni wọ́n ń sọ. Hello ló ń bi wọ́n. Lórí Ethernet, OSPF máa ń gbé mask rẹ̀ sínú Hello, bí ti ẹnìkejì kò bá bá tirẹ̀ mu, á sọ Hello náà nù, kò ní dáhùn. Ó wà nínú RFC 2328, ìwé ìlànà OSPF, tó jáde lọ́dún 1998, mo lọ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé lórí point-to-point (ibi tí ráútà méjì péré ti ń dojú kọ ara wọn), wọn kì í wo mask yẹn. Ìyẹn ni pé ká ní mo yí irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà padà sí point-to-point, bí mo ṣe fẹ́ ṣe kí n tó pe ẹ̀gbọ́n, aládùúgbò méjèèjì ì bá rí ara wọn, n bá pariwo ayọ̀, àṣìṣe náà ì bá sì wà níbẹ̀ tó fara pamọ́.

Mo tún mask R2 kọ. Mo jókòó, mo ń wò ó títí ìlà tí mo ń retí fi yọ: from LOADING to FULL, Loading Done. Mo ka gbogbo ipele tí wọ́n gbà kọjá síta, Init, 2-Way, ExStart, Exchange, Loading, Full. Ó ti pẹ́ tí mo ti há wọn sórí, àmọ́ alẹ́ yìí ni mo rí i pé ẹni méjì tí wọn ò tíì fọkàn tán ara wọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní ìpele-ìpele. Mo gbọ́ tèmi, mo ti gbọ́ tìẹ, mo fẹ́ mọ ohun tó o mọ̀, gba èyí tí èmi náà mọ̀.

Mo wá gbé ìwé èsì yẹn jáde kúrò nínú dúrọ́ọ̀. Mo rántí bí mo ṣe ń ṣe lọ́jọ́ náà. Bí ìbéèrè bá ti fi àbájáde àṣẹ kan hàn mí, tí mo bá rí ohun tó dára níbẹ̀, mo máa ń gbà pé gbogbo nǹkan tó kàn án ló dára. N kì í béèrè pé kí gan-an ni àṣẹ yìí jẹ́rìí sí.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé tuntun nínú ìwé àjákọ mi. Àṣẹ kan lápá òsì, ohun tó ń jẹ́rìí sí lápá ọ̀tún, ohun tí kò lè jẹ́rìí sí lábẹ́ rẹ̀. Ping ló wà lókè pátápátá. Ìlà mẹ́rin ni mo kọ sí abẹ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó kù.

Mo fi fáìlì làábù náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá ráàyè lọ́la, kí wọ́n ba nǹkan kan jẹ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n má sì sọ ohun tó jẹ́ fún mi. Wọ́n ní méjì làwọn máa bà jẹ́.