Téèsì tó ń purọ́ fún wa

Àtàárọ̀ ni mo ti wà nídìí nǹkan kan ṣoṣo yìí, ilẹ̀ sì ti ṣú kí n tó rídìí ẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí téèsì wa ti ń yege lórí sáfà, kò sí pupa (àmì ìkùnà) kankan, bẹ́ẹ̀ kọ́ọ̀dù yẹn ti bàjẹ́! Tí kì í bá ṣe pé mo ṣàdédé ṣí log (àkọsílẹ̀ ohun tí sáfà ń ṣe), à bá ti gbé e fáwọn tó ń lò ó.

Mac ni mo fi kọ script (fáìlì àwọn àṣẹ) tó ń ran téèsì náà, #!/bin/sh ni mo kọ sókè ẹ̀, ìyẹn ni pé kí sh, ètò tó ń ka àṣẹ, máa ka script náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀ torí pé bash 3.2, bash àtayébáyé ti 2006, ló ń jẹ́ sh lórí Mac mi. Ubuntu (oríṣi Linux kan) ni sáfà ní tiẹ̀, dash sì ni wọ́n ń lò fún sh látìgbà Ubuntu 6.10, torí pé ó fúyẹ́ ó sì tètè ń dáhùn. Orúkọ kan náà, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ ẹ.

Ibi tó dùn mí jù nìyí: mo kọ if [[ $esi != 0 ]]; then exit 1; fi, ìyẹn ni pé tí èsì téèsì ($esi) kò bá jẹ́ 0, tó túmọ̀ sí àṣeyọrí, kí script parí pẹ̀lú 1, tó túmọ̀ sí ìkùnà. Dash ò mọ [[ rárá, ó kàn ní "[[: not found", ó ka àyẹ̀wò yẹn sí irọ́, ó fo exit 1 kọjá, ó bá tiẹ̀ lọ títí ó fi parí pẹ̀lú 0. Set -e, àṣẹ tó ń dá script dúró tí nǹkan bá kùnà, wà lókè o, àmọ́ kì í dá script dúró fún ohun tó bá kùnà nínú àyẹ̀wò if. Ká ní ó kú síbẹ̀ ni, ì bá sàn fún wa.

Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ ní kí n kàn kọ #!/usr/bin/env bash, kí bash fúnra ẹ̀ máa ka script náà, kó tán síbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ a tún ń téèsì nínú Alpine (Linux kékeré kan), bash ò sì sí níbẹ̀ àfi téèyàn bá fi í sí i fúnra ẹ̀. Torí náà mo yí i sí [ "$esi" -ne 0 ], gbogbo == di =, echo -e di printf torí dash máa ń tẹ -e yẹn síta bó ṣe wà. ShellCheck, ètò tó ń wá àṣìṣe nínú script, bá mi rí méjì tójú mi fò.

Lálẹ́ yìí mo mọ̀ọ́mọ̀ ba kọ́ọ̀dù náà jẹ́, mo ran script lórí Mac, Ubuntu àti Alpine. Pupa ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ jẹun.