Ọdún tí a fi wo omi kan ṣoṣo

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀mí wà, ọpẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tí èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe létí ọ̀sà ní Bàríga ni mo fẹ́ sọ.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwọn òbí kan fẹ́ kí n kó àwọn ọmọ lọ sí Bàdágìrì tàbí Lẹ́kí, ibi tí wọ́n á ti ya fọ́tò. Mo ní rárá, ibì kan náà la ó máa lọ, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Ìyá kan bi mí pé, "Àǹtí, kí ló wà nínú omi ìdọ̀tí yẹn tẹ́ ẹ ò tíì rí tán?"

Ó pọ̀, mà. Lásìkò òjò, Odò Ògùn àtàwọn odò mìíràn máa ń rọ́ wọnú ọ̀sà títí omi ibẹ̀ ò fi ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀ mọ́. Tójò bá dá, agbára odò á rọlẹ̀, òkun á ráyè gba ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà lọ sí Àpápá wọlé. Ọmọ tó kán omi sórí gíláàsì ẹ̀rọ kékeré tá a fi ń wo iyọ̀ lóṣù Kẹfà, tó rí i pé ìlà rẹ̀ ò kúrò lórí òdo, tó tún rí i lóṣù Kejìlá pé ó ti gòkè, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún un. Omi òkun gangan máa ń tó 35, ìyẹn gíráàmù iyọ̀ nínú kílò omi kan. A kì í fẹnu tọ́ ọ wò o. Ẹni tó mọ ọ̀sà Èkó mọ ìdí.

Ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tá a fi ń mọ bí omi ṣe mọ́ tó ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù. A kùn ún ní funfun àti dúdú, a so irin mọ́ ìdí rẹ̀, a sì ń fi okùn sọ̀ ọ́ sínú omi títí ojú ò fi rí i mọ́. Angelo Secchi, àlùfáà ará Ítálì, ló dán irú rẹ̀ wò lórí òkun ní 1865. Lójò, ẹrẹ̀ kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó pòórá. Ọmọ kan á ní òun ṣì ń rí i, èkejì á ní irọ́ ni. Mo fẹ́ràn iyàn yẹn ju máàkì lọ.

Bàbá apẹja Ìlàjẹ kan ló ní ká máa wo water hyacinth, ewé tó ń dínà mọ́ ọkọ̀ wọn. Ní 1984 ló wọ Nàìjíríà láti orílẹ̀-èdè Benin; iyọ̀ lọ̀tá rẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá ti rí i tó ń rà, òkun ti dé nìyẹn." Lóṣù yìí, etí ewé náà ti ń gbẹ, ohun tí ẹ̀rọ wa sì sọ nìyẹn. Bàbá ò ra ẹ̀rọ kankan.

Èyí tó dùn mí ni ti akàn. Ibi ẹrẹ̀ tí a ti ń ka ihò wọn, àwọn akọ ọlọ́wọ́-ńlá-kan tó ń juwọ́ bíi kọ́ńdọ́ tó ń pe èrò, ẹnì kan ti da yanrìn bò ó, ó fẹ́ kọ́lé. Mo fẹ́ wá ibòmíì, àwọn ọmọ SS2 kọ̀: wọ́n ní ká máa ka etí yanrìn náà lọ, ká mọ̀ bóyá akàn á padà. Mo gbà fún wọn. A ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ bá ti dàgbà kọjá bàtà òjò rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.